Àǹtí, oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń kọ̀wé lórí Hive, kí ló dé tí owó ò wọlé?

Àbúrò kan tó jẹ́ télọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ̀wé sí mi nípa Hive, ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń fi owó crypto san èèyàn fún ohun tó bá kọ, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti wà lórí Hive, ojoojúmọ́ ni mo ń post, ìgbà míì ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Mò ń kọ nípa crypto, nípa ìlera, nípa béèyàn ṣe lè ṣàṣeyọrí láyé. Sẹ́ńtì díẹ̀díẹ̀ ni mò ń rí, ìgbà míì gan-an òdo ni. Mo sì ń rí àwọn ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi tí post wọn ń gba dọ́là mẹ́ta, mẹ́rin. Kí ni wọ́n ń ṣe tí èmi ò ṣe? Ṣé kí n fi owó àjọ tí mo fẹ́ fi ra máṣíìnì weaving ra Hive Power ni, àbí kí n kúkú pa á tì?"

Àbúrò mi, má tíì pa á tì, má sì tíì fọwọ́ kan owó àjọ yẹn. Mo ti ka àwọn post rẹ kan kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ lóhùn. Mo ti wà níbẹ̀ láti ayé Steemit, ìkànnì tí Hive ti yà wá, mo sì máa ń bá community kan, ìyẹn ẹgbẹ́ kan lórí Hive, yan àwọn post tí wọ́n máa dìbò fún, torí náà ojú ẹni tó ń dìbò ni mo fi ń wò ó fún ẹ, kì í ṣe ojú ẹni tó ń kọ̀wé nìkan.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tówó ti ń wá, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Facebook tó ṣí ọ̀nà owó fún àwa ọmọ Nàìjíríà ní 2024, owó ìpolówó ọjà ni wọ́n ń pín níbẹ̀, béèyàn bá ṣe ń wò ẹ́ tó ni nǹkan ṣe ń wọlé tó. Hive ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sẹ́ni tó ń ka iye èèyàn tó wo post rẹ. Owó tuntun ni blockchain Hive, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo èèyàn lè rí, ń ṣe jáde lójoojúmọ́, àwọn tó ní Hive Power, ìyẹn coin HIVE tí wọ́n tì pa síbẹ̀, ló ń fi ìbò wọn sọ post tí owó yẹn máa lọ sí, bí Hive Power èèyàn bá sì ṣe pọ̀ tó ni ìbò ẹ̀ ṣe ń wúwo tó. Ọgọ́rùn-ún èèyàn tó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ṣófo lè dìbò fún ẹ kó má tó sẹ́ńtì méjì, tí post bá sì pé ọjọ́ méje tí ò tó sẹ́ńtì méjì, wọn ò ní san nǹkan kan fún ẹ. Ẹnì kan ṣoṣo tí Hive Power ẹ̀ pọ̀ sì lè dìbò lẹ́ẹ̀kan kó o rí dọ́là kan gbáko.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn àbúrò mi pé ẹgbẹ̀rún follower kọ́ là ń wá níbẹ̀. Èèyàn ogún sí ọgbọ̀n tó mọ̀ ẹ́ dáadáa, tó ń retí post rẹ, tí díẹ̀ nínú wọn sì ní Hive Power gidi tàbí tí wọ́n ń bá community dìbò, àwọn yẹn ló máa jẹ́ kówó rẹ dúró sójú kan. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ tó kù, bó o ṣe máa rí àwọn èèyàn yẹn tí wọn ò sì ní kúrò lọ́dọ̀ rẹ ni.

Àmọ́ jẹ́ n tètè ṣàlàyé dọ́là mẹ́rin tó ò ń rí lábẹ́ post àwọn ẹlòmíì yẹn kó má baà kó ìbànújẹ́ bá ẹ. Ìdajì ẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó dìbò, 2019 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ìdajì-ìdajì, ṣáájú ìgbà yẹn 75 nínú 100 ni òǹkọ̀wé ń gbà. Ó ku dọ́là méjì. Tẹ́ni náà ò bá yí nǹkan kan padà nígbà tó ń post, ìdajì dọ́là méjì yẹn máa wá ní HBD, coin kejì tí Hive ní, tó máa ń wà ní nǹkan bíi dọ́là kan sí ẹyọ kan, ìdajì kejì á wá ní Hive Power, Hive Power yẹn sì wà ní títì pa, tó o bá fẹ́ kó o jáde ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ni wọ́n á fi máa já a fún ẹ díẹ̀díẹ̀. Torí náà nínú dọ́là mẹ́rin tó ò ń wò, dọ́là kan lẹni yẹn lè tà lónìí. Kò burú o, owó ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kó o mọ̀ ọ́n kó o má lọ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ pa torí ẹ̀.

Mò ń tẹnu mọ́ ọn torí mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2017 wọ 2018. Lóṣù January 2018, STEEM kan, ìyẹn coin Steemit, lé ní dọ́là méje, àwọn ọmọ yunifásítì ya wọ Steemit bí ẹni ń lọ sọ́jà, tó bá di ìparí ọdún yẹn kò tó àádọ́ta sẹ́ńtì mọ́, ilé iṣẹ́ Steemit alára sì dá bíi 70 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ẹ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ ló sá lọ. Ní 2020 ni Justin Sun, oníṣòwò crypto kan, ra ilé iṣẹ́ náà, àwọn tó ń lò ó bá yarí, wọ́n ya Hive kúrò lára ẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù March ọdún yẹn. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ṣì ń rí owó dòní, àwọn tí wọ́n ti ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀ kí owó tó wálẹ̀ ni, wọ́n ń kọ ohun tó jẹ́ tiwọn, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ yálà coin gòkè àbí ó wálẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ post rẹ. Àbúrò mi, mo ka èyí tó o kọ lórí Bitcoin, mo ka ti àǹfààní omi mímu, mo ka ti àṣeyọrí, mi ò rí ẹ níbì kankan nínú wọn. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ wọ́n. Jẹ́ n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwa tá à ń yan post: èèyàn á ṣí post bí ogójì lọ́jọ́ kan, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa lò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun àkọ́kọ́ tó sì máa bi ara ẹ̀ ni pé ṣé ẹni yìí ló ṣe nǹkan yìí lóòótọ́? Látìgbà tí ChatGPT ti jáde ní ìparí 2022 ni ìbéèrè yẹn ti le sí i. Post tó bá dán jù, tí ò ní ìlú, tí ò ní ọjọ́, tí ò ní ọwọ́ èèyàn nínú, tó tún wá lọ mú fọ́tò látinú íntánẹ́ẹ̀tì, a máa ń fò ó kọjá ni, ká má baà dìbò fún ohun tí ẹ̀rọ kọ. Àwọn Hivewatchers wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wá ìwé àjíkọ kiri, bí wọ́n bá mú ẹ, wọ́n á fi downvote, ìyẹn ìbò àtakò, gbé owó post rẹ kúrò, orúkọ rẹ á sì bàjẹ́ débi pé àwọn community ò ní fẹ́ sún mọ́ ẹ mọ́.

Ìwọ tó o sì jókòó ti máṣíìnì láti àárọ̀ dalẹ́! Ṣé o mọ̀ pé community kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ NeedleWorkMonday, tí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n ń ṣe, àwọn tó ń hun nǹkan, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, àwọn télọ̀, láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè? Ibẹ̀ nilé rẹ. Tí kọ́sítọ́mà bá gbé àǹkárá ọ̀pá mẹ́rin wá tó sì fẹ́ ìró, bùbá àti aṣọ ọmọ nínú ẹ̀, bó o ṣe máa tò ó kó tó, post nìyẹn. Síìpù tó ń wú lẹ́yìn gáùn tí gbogbo ọmọṣẹ́ ń sunkún lé lórí, bó o ṣe ń mú un tẹ́jú, post nìyẹn. Aṣọ ẹbí ogún tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ Wednesday tí òde ẹ̀ jẹ́ Saturday, ta lo kọ́kọ́ rán tiẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n múná lọ, post gidi nìyẹn, mo sì dá ẹ lójú pé obìnrin tó ń hun súwẹ́tà ní Jámánì á kà á dé ìparí.

Ya fọ́tò bó o ṣe ń ṣe é, má dúró dìgbà tó bá parí. Ọwọ́ rẹ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lórí aṣọ, téèpù, ibi tó o gé, ibi tó o tú nígbà tí ò jókòó dáadáa, lẹ́yìn náà aṣọ tó parí lọ́rùn ẹni tó ni ín tó bá gbà. Fọ́tò mẹ́fà, méje ti tó. Jókòó sẹ́bàá fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn ti dáa tó. Kọ ìwọ̀n tó o lò síbẹ̀, kọ ohun tó máa ń ṣòro níbẹ̀. Tó bá jẹ́ orí YouTube lo ti kọ́ pattern náà, sọ bẹ́ẹ̀ kó o sì fi link ẹ̀ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi bú ẹ, ìgbà téèyàn bá fi pamọ́ ni wàhálà ń dé.

Ní ti èdè, àwọn tó ń dìbò ńláńlá níbẹ̀, òyìnbó ni ọ̀pọ̀ wọn ń kà, torí náà kọ òyìnbó tó rọrùn, má wá ọ̀rọ̀ ńláńlá kiri. Ṣùgbọ́n wo àwọn ará Venezuela, wọ́n pọ̀ lórí Hive gan-an, èdè méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń kọ post, Spanish tiwọn àti òyìnbó, ó sì ń bá wọn lọ dáadáa. Ìwọ náà lè fi Yorùbá tiwa sábẹ́ ti òyìnbó, ó kéré tán pe gèlè ní gèlè, pe bùbá ní bùbá. Ó wù mí gan-an kí àwọn télọ̀ wa máa kọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lédè tí wọ́n fi kọ́ ọ.

Èyí tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn jù lọ wá rèé: kọ́mẹ́ǹtì. Nígbà tí mo wo àkáǹtì rẹ, post pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì, kọ́mẹ́ǹtì tó o kọ sábẹ́ ti ẹlòmíì ò tó nǹkan, èyí tó wà níbẹ̀ náà "nice post" àti "thanks for sharing" ni. Ìwọ télọ̀ lo mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ẹni tí kì í lọ sóde ẹnikẹ́ni, tí kì í bá wọn ra aṣọ ẹbí, lọ́jọ́ tóun náà bá ní òde ta ló máa bá a rà á? Bó ṣe rí níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ohun tí màá fẹ́ kó o ṣe ni pé kó o dín post rẹ kù sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ti ọjọ́ Monday fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ọ̀kan fún Hive Naija nípa ìgbé ayé rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan tó kù kó o fi dáhùn ìbéèrè tàbí ìdíje tí community kan bá gbé jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Àkókò tó bá ṣẹ́ kù, kó o fi ka ti àwọn ẹlòmíì.

Kà á dáadáa kó o tó sọ̀rọ̀. Tí obìnrin kan bá fi àpò tó hun hàn, bi í léèrè irú òwú tó lò, sọ fún un pé lọ́dọ̀ tìrẹ òwú bẹ́ẹ̀ ṣòro rí, tàbí pé ọwọ́ àpò yẹn lè já tí ò bá fi láínì sí i, ìmọ̀ tó o ní nìyẹn, fún wọn. Á dá ẹ lóhùn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ padà lọ síbẹ̀. Kó tó di ìgbà kẹta òun náà á wá wo tìrẹ, tí òun bá sì ń bá community yẹn dìbò, ó ti mọ orúkọ rẹ nìyẹn. Bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ tiwa náà nìyẹn: tá a bá ní post méjì tó dáa bákan náà tó sì jẹ́ pé ọ̀kan la lè mú, ẹni tá a máa ń rí nínú kọ́mẹ́ǹtì la máa mú, torí a mọ̀ pé èèyàn ni, a sì mọ̀ pé kò ní gba owó kó sá lọ. Kọ́mẹ́ǹtì fúnra ẹ̀ náà ń gba ìbò, mo ti rí èyí tó gba owó ju post lọ.

Gbogbo ẹni tó bá kọ nǹkan sábẹ́ tìrẹ, dá a lóhùn, má jẹ́ kí ọjọ́ kejì kọjá. Tí Hive bá sọ fún ẹ pé Resource Credits rẹ, ìyẹn agbára tó o fi ń post tó o sì fi ń kọ kọ́mẹ́ǹtì, ti tán, má bẹ̀rù, ó máa ń ṣe àwọn tí Hive Power wọn kéré bẹ́ẹ̀, á padà wá fúnra ẹ̀ bí wákàtí bá ṣe ń lọ, bó o bá sì ṣe ń fi Hive Power kún tìrẹ ni ò ní máa tètè tán mọ́. Ìyẹn gan-an ni ìdí míì tó fi yẹ kó o dín post kù.

Má lọ máa bẹ èèyàn fún ìbò nínú Discord, app tí àwọn ará Hive ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, o. Má bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn "dìbò fún mi kí n dìbò fún ẹ" lójoojúmọ́, gbogbo ìbò ló hàn lórí blockchain, ẹni tó bá fẹ́ wò ó á rí i, downvote ló sì máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀. Tí wọ́n bá downvote rẹ láìròtẹ́lẹ̀, má bá wọn jà, fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ohun tó fà á, nígbà míì fọ́tò tí ò ní orísun ni, tó o bá tún un ṣe wọ́n máa ń mú un kúrò.

Ìbò tìrẹ náà ńkọ́? Ìbò mẹ́wàá tó kún ni agbára rẹ lè gbé lóòjọ́, torí ìbò kan ń jẹ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ogún nínú ọgọ́rùn-ún sì ń padà wá lójúmọ́. Lò ó fún àwọn tó o ń kà ní tòótọ́, kó sì jẹ́ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n gbé post jáde, torí lẹ́yìn ìyẹn ohun tó ń kàn ẹ́ nínú owó olùdìbò á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ní báyìí kò ní tó nǹkan, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Hive Power tó ń wọlé látinú post rẹ, fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún kan gbáko, má tú u, á máa mú kí ìbò rẹ wúwo, nígbà tí ìbò rẹ bá sì ti ń gbé sẹ́ńtì méjì mẹ́ta, àwọn tó o ń dìbò fún á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ. HBD ni kó o máa ná. Tí o ò bá fẹ́ ná an lójú ẹsẹ̀, gbé e sínú savings, ó máa ń mú èlé wá, ọjọ́ mẹ́ta ló ń gbà tó o bá fẹ́ kó o jáde, èlé yẹn kì í dúró sójú kan torí àwọn witness, ìyẹn àwọn tí a dìbò yàn láti máa mú blockchain yẹn ṣiṣẹ́, ló ń pinnu ẹ̀. Tó o bá ń ṣe ìṣirò owó oṣù, HBD nìkan ni kó o fi ṣe é, má ka Hive Power mọ́ ọn, torí HIVE lè wálẹ̀ lónìí kó tún gòkè lọ́la, HBD ló ń dúró jẹ́ẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ key, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà tó o fi ń ṣí àkáǹtì rẹ, jọ̀ọ́, fi etí sí mi. Kò sí "mo gbàgbé password" lórí Hive. Posting key ni kó o máa fi wọlé lójoojúmọ́ láti kọ̀wé àti láti dìbò, active key fún owó nìkan, owner key àti master password kó o kọ wọ́n sínú ìwé, kó o fi síbi tó o ń fi ìwé pàtàkì sí, má ya fọ́tò wọn sínú fóònù tí àwọn ọmọṣẹ́ ń gbé. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ kọ́mẹ́ǹtì sábẹ́ post rẹ pé o jẹ airdrop, ìyẹn coin ọ̀fẹ́, kó o wá fi key rẹ sí ibì kan, olè ni, má tẹ̀ ẹ́. Àwọn àbúrò kan ti pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n kó jọ lọ́nà yẹn, ó sì dùn mí dọ́kàn.

Tó o bá fẹ́ sọ ọ́ di náírà, wàá kọ́kọ́ ṣẹ́ HBD sí HIVE lórí ọjà inú Hive, wàá fi ránṣẹ́ sí exchange, ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ coin, tó ń gba HIVE, ibẹ̀ lo ti máa sọ ọ́ di USDT, coin tó máa ń wà ní nǹkan bíi dọ́là kan, kó o tó tà á fún ẹni tó máa san náírà. Binance ti kó náírà kúrò lọ́dọ̀ wọn ní 2024, torí náà ibòmíì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tà á sí báyìí. Memo tí exchange bá fún ẹ, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń mọ àkáǹtì rẹ, má gbàgbé ẹ̀ láé, tó o bá fi HIVE ránṣẹ́ láìsí memo, wọn ò ní mọ̀ pé ìwọ lo ni ín. Kọ́kọ́ fi ẹyọ kan dánra wò, tó bá wọlé kó o tó fi èyí tó kù ránṣẹ́. Nígbà tó o bá ń tà á, ṣí app báńkì rẹ kó o rí owó níbẹ̀ gangan kó o tó tú coin sílẹ̀, má gba SMS alert gbọ́, fake alert pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn.

Owó àjọ wá ńkọ́. Rárá, àbúrò mi. Owó àjọ jẹ́ ti òwú, ti owó ṣọ́ọ̀bù, ti máṣíìnì weaving tó o sọ pé o fẹ́ rà. Ká ní o fi gbogbo ẹ̀ ra Hive Power lónìí, iye tí ìbò tìrẹ máa mú wá lóṣù ò ní tó owó dátà rẹ, tí ohun ìdágìrì kan bá sì dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá lo máa fi dúró kó o tó rí i gbà padà tán, iye tí HIVE máa jẹ́ nígbà yẹn sì lè má tó ìdajì ohun tó o rà á. Fi ra máṣíìnì weaving yẹn. Ọjọ́ tó bá dé ṣọ́ọ̀bù, ya fọ́tò bó o ṣe ń tú u kúrò nínú páálí, bó o ṣe ń fi òwú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, ohun tó kọ́kọ́ já mọ́ ẹ lọ́wọ́ àti bó o ṣe tún un ṣe, kó o gbé e sí NeedleWorkMonday lọ́jọ́ Monday tó bá tẹ̀ lé e, kó o sì fi link ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n wá kà á.